Ibi Tí Ọkọ̀ Dé

Ìwé pélébé kan wà nínú àpò kámẹ́rà mi.
Kì í ṣe orúkọ ẹyẹ ni mo ń kọ sí i.
Iye àtẹ̀gùn ni mo ń kọ,
bí òjìji bá wà, bí àga bá wà,
bí ilé ìtọ̀ kò bá jìnnà ju ogún ìgbésẹ̀ lọ,
ogún ìgbésẹ̀ ìyá mi, kì í ṣe tèmi.

A kúrò ní Ìjọ̀ka, n'Iléṣà, kí oòrùn tó yọ,
Màmá níjòókòó iwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàrin orúnkún méjèèjì,
ìrọ̀rí kan lẹ́yìn ìbàdí, fúláàsì tíì lórí itan.
"Ẹranko wo lo fẹ́ lọ yà n'Ífẹ̀ tí kò sí lẹ́yìnkùlé wa?"
Mo ní àdán. Mo ní lékeléke. Mo ní bóyá àgbìgbò.
"Àgbìgbò! Ẹyẹ tó ń ru pósí kiri!
Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ èmi arúgbó?"

Wọ́n ti sọ fún mi pé orí àpáta kan wà
tí èèyàn ti lè rí gbogbo igbó ẹ̀yìn ìlú bí àtẹ́lẹwọ́.
Òótọ́ ni. Wọn ò sọ ti àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Màmá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ojú gun òkè náà,
ó fi ojú sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
ó ti ilẹ̀kùn.
"Mo ti débẹ̀. Ó dára."

Etí omi ìsédò ló kàn.
Ọkọ̀ dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò àná ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀,
ọ̀pá rẹ̀ wọlẹ̀ dé ìdajì, ó kọ̀, kò jáde.
Èmi ń fa ọ̀pá, Màmá ń fa èmi,
lékeléke mẹ́rin ń wò wá lórí òkúta,
funfun báláú bí ẹni tó wá síbi ìsìn.
Nígbà tí mo fi máa rántí kámẹ́rà
wọ́n ti gbéra.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

"Ajíbóyè, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."
Báyìí la ṣe yà sí ilé epo kan lọ́nà Iléṣà,
ibi tí ẹ̀rọ epo méjì ti dákẹ́, tí ẹ̀kẹta ń húkọ́.
Nígbà tó jáde, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀,
kò wá sídìí ọkọ̀.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fọkanáísà,
ó gbé orí sókè sí ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gà."

Èmi ò tíì rí nǹkan kan. Ariwo lásán ni mo kà á sí,
bí ẹ̀rọ amúnáwá ilé kejì.
Ojú ọ̀tún ìyá mi ti ń rí kùrukùru láti ọdún mẹ́ta,
etí ló fi ń kà wọ́n.
"Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gà ń sọ, ẹ̀yin ní ó ń pàtótó.
Gbọ́ ọ. Ìyàwó ló ń bú ọkọ, ilé tó kọ́ kò dán."
Lóòótọ́, bí mo ti na lẹ́ǹsì,
abo kan wà lẹ́nu ìtẹ́, ó fa fọ́nrán imọ̀ kan yọ,
ó jù ú nù.
Akọ, orí dúdú, àyà bí ìyeyè tó pọ́n,
dorí kodò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ kọnkéré. Àtẹ̀gùn: kò sí.
Fọkanáísà bá wa mu tíì,
ó ní ọdún mẹ́sàn-án lòun ti wà lábẹ́ ọ̀pẹ yìí,
òun ò gbójú sókè rí
àfi ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yàgbẹ́ sí òun lórí.
Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

A dé abẹ́ igi àwọn àdán nírọ̀lẹ́.
Mi ò ní parọ́, mo yà wọ́n,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú ọ̀run dúdú bí aṣọ tí wọ́n gbọ̀n.
Màmá ti sùn lọ nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ọ̀pá ẹlẹ́rẹ̀ náà mú.
Mi ò jí i.

Lówurọ̀ ọjọ́ kejì ó ka ìwé mi,
ó gbé e sún mọ́ ojú òsì,
ó ní ohun kan kù.
Ó gba bírò, ó fi lẹ́tà gbàgàdà kọ ọ́ sábẹ́ ilé epo:
"Ilé ìtọ̀ wọn mọ́. Ẹ mú ọṣẹ lọ́wọ́."