Ta Ló Mọ Odi Yìí?

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe akọ̀wé ilẹ̀ l'Ókè-Mósàn,
níbi tí ìwé ilẹ̀ Ìjàyè, Ìtòkò àti Ìgbórè
ti ń sùn nínú kọ̀mpútà.
Ilẹ̀ tiwa ni, orúkọ àwọn bàbá wa ni,
ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tí a kò rí rí,
lókè òkun, tó ń gba owó ilẹ̀kùn lọ́dọọdún
bí onílé tí ń gba owó yàrá.
Bí a bá bi í pé kí ló wà nínú irin yìí,
a ní àṣírí òwò ni.

Mo ti ra àgádágodo rí ní Kútọ̀.
Ẹni tó tà á kò sọ pé òun mú kọ́kọ́rọ́ kan sílé.
Èmi náà kò bi í.

Oṣù Ẹrẹ́nà, lọ́dún tí ìjọba kò rówó náà san,
àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú gbogbo kọ̀mpútà pọ́n:
Ẹ sanwó, tàbí kí ẹ gbàgbé ìwé yín.
Olè ti gba ibi tí a kò lè wò wọlé.
Opó kan láti Lántòrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ìwé ọkọ rẹ̀ wà nínú,
àbúrò ọkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà, òun àti katakata.

Ìgbà náà ni wọ́n rán Fẹ̀yíṣará Ṣóbándé sí wa,
ọmọ Ìbarà, èjí lẹ́nu, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀.
Ó nu ohun gbogbo nù. Ó gbé ètò mìíràn wọlé,
ẹyẹ oníkùn funfun kan yọ, irú èyí tí kì í fò.
Ó ní, "Eléyìí kò lólúwa kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.
Ẹ̀yin gan-an lè kà á, bí ẹ bá fẹ́."

Ọ̀gá Ṣótáyọ̀ fò sókè. "Kín lo wí?
Ohun tí gbogbo ayé ń wò? Ṣé olè ò lójú ni?"
Ó fèsì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló mọ odi Abẹ́òkúta?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo dáhùn nínú ara mi.
Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé odi kì í ṣe ti ẹnìkan,
àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀.
Ibi tó bá ya, gbogbo ojú ló rí i,
ọ̀tá náà rí i.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé amọ̀ débẹ̀ ló ni ìlú.

Lóṣù kejì, ẹnìkan tí a kò mọ̀, ní ìlú òtútù kan,
kọ̀wé sí gbogbo ayé: ihò wà lẹ́yìn fèrèsé.
Ó fi amọ̀ sí i, lọ́fẹ̀ẹ́.
Fẹ̀yíṣará rẹ́ ẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àdéhùn rẹ̀ ló parí. Ó kó lọ sí Ìbàdàn.
Owó àtúnṣe di kápẹ́ẹ̀tì nínú yàrá ọ̀gá.
Ìkéde ihò ń wọlé, ó ń jókòó, eruku ń bò ó.
Ojú tó pọ̀ tí kò wò, kí ló yàtọ̀ sí òkùnkùn?
Èmi tí mo sì ń ṣàròyé yìí,
ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo lẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mọ́.

Mo já a lánàá. Mo jẹ ẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, gíláàsì méjì lójú,
mo pe Fẹ̀yíṣará lórí fóònù lálẹ́,
ó ń ka lẹ́tà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan:
fi àyè sílẹ̀, mà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró.
Ìka mi ń gbọ̀n. Nǹkan sáré kọjá lójú kọ̀mpútà,
ihò kan dí.

Ihò yòókù ṣì ń bẹ. N kò ní purọ́.
Orúkọ opó náà wà níbẹ̀, ìlà kẹrìnlá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ti rí ibi tó ya,
mo sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ń bu amọ̀.