Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Ìwádìí

Òórùn tàdáwà ṣì wà lára lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi
nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí.
"Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrìndé ló wà," ni akọ̀wé wí,
kò gbójú kúrò lára ẹ̀pà tó ń bó.
Oyèrìndé ní kí n lọ bi Dókítà Àyándélé.
Àyándélé rẹ́rìn-ín:
"Òun ló rán ọ sí mi?
Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn ta lo wà?"

N ò mọ̀ pé ẹ̀ka wa ní ẹ̀yìn méjì.
Iyẹ̀pẹ̀ ni mo wá yẹ̀ wò,
iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ igi kajú ní Ìkòyí-Ilé,
ogójì àpò péńpé, mo kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, orí ọ̀tá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ;
ta ló mọ̀ pé ogun ṣì kù
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa?
Wọ́n ní àga kan ni àwọn àgbà méjì náà jà lé lórí,
lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Àga ọ̀hún ti kán. Ewúrẹ́ ló ń sùn lé e lẹ́yìn ilé.
Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá kí ọ,
èkejì á máa ka eyín tó o fi dá a lóhùn.

Wọ́n fún mi ní kíláàsì mẹ́rin.
Wọ́n fún mi ní ìwé ìdánwò irínwó ó lé méjìlá:
"Máàkì í kó tó di Mọ́ńdè,
ọmọdé ni ọ́, ojú rẹ ṣì ń ríran."
Owó oṣù mẹ́ta wà lójú ọ̀nà,
bóyá ẹsẹ̀ ló ń fi rìn bọ̀ láti Ìbàdàn.

Mo kọ àpilẹ̀kọ kan. Nígbà tó jáde,
orúkọ mi ló ṣìkẹrin nínú mẹ́rin,
wọ́n sì ti jẹ lẹ́tà kan nínú rẹ̀.
Màámi pè láti Ìrẹsà-Adú:
"Morádéùn, ṣé wọ́n ti ń pè ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n?"
Mo ní ó kù díẹ̀.
Irọ́ náà délé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan tí òjò ń ṣẹ́,
Bàbá Súlè tó ń gbálẹ̀ bá mi lórí àtẹ̀gùn,
mo ń dúró de kọ́kọ́rọ́.
Ó wò mí títí.
Ó fi ìdí ọwọ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.
Ilẹ̀kùn ṣí.
"Àgádágodo yẹn ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé ibí.
Ẹ ò bi mí."

Oṣù mẹ́rin.

Nínú ilé, alángbá. Kàlẹ́ńdà àtijọ́
tí wọ́n fi bo òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì,
irú èyí tí kò bẹ iná lọ́wẹ̀.
Mo fi ìborùn mi nù ún.
Mo gbé àpò kìíní lé e.
Ó mì, ó mì, ó dúró.

Ẹsẹ̀ bàtà kan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ti Oyèrìndé ni, àbí ti Àyándélé?
N ò wẹ̀yìn.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: àpò kìíní,
gíráàmù mẹ́tàdínláàádọ́ta.