Ṣúgà Mẹ́rin Di Mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì Ṣówándé tú rọ́bà lápá mi ní Ìjàyè,
ó wo nọ́ńbà, ó wò mí,
kò pariwo.
"Bàbá Gbénró, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."
Ó dáa. Èmi lẹlẹ́dẹ̀ náà.

Tíì ni mo fi bẹ̀rẹ̀.
Ṣúgà mẹ́rin di mẹ́ta.
Ahọ́n mi bínú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
ó wá gbàgbé.

Mo wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà
kó tó gun òkè Ìtòkò.
Orúnkún ń ráhùn, àyà ń lù kì-kì-kì,
àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá mi bí ewúrẹ́ orí àpáta.
Lọ́jọ́ kìíní, mo sinmi lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì péré;
ìkejì gan-an, mo kàn dúró wo
bí oòrùn ṣe ń rọra bà
sórí páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ ni.

N kò tíì bá iyọ̀ jà.
Ti áṣáà, ẹ má tilẹ̀ bi mí.

Ṣùgbọ́n lóru àná, mo tají,
ọwọ́ ìyàwó mi wà láyà mi.
"Ẹ ò hanrun mọ́," ó ní.
"Mo rò pé . . ."
Kò parí rẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́,
kò tíì gbé ọwọ́ náà kúrò.