Má Fẹ́ Atẹ́gùn Sí I

Láwànì apolówó-ọjà ló fẹ́ ẹ pa.
"Fúù, fúù, ṣé ó ń gbọ́ mi?"
Ó gbọ́. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.
Ó fi àpò ìrẹsì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Pàkátà,
ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe é.

Bàbá mi, Sáádù Onírédíò, kò fèsì.
Ó ti fèrèsé, ó pa fáànù,
ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa lé ọyẹ́ sẹ́yìn
bí ẹni ń lé ewúrẹ́.
Ó tú ìdè mẹ́rin lára ajọ̀ irin tó bò ó lójú.
Ẹ̀rọ tó wúwo bí ọmọ ọlọ,
tó jù mí lọ, tó ju Ìpínlẹ̀ Kwara pàápàá lọ,
gbogbo ọlá rẹ̀ kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ kan:
alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà,
tó ti já, tó rọ̀ jọwọlọ
bí okùn ṣòkòtò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Wò ó," ni Bàbá wí, kò gbójú sókè.
"Irin òòfà lọ́tùn-ún, irin òòfà lósì,
àárín wọn ló ń gbé, kò fara kan ọ̀kankan.
Ohùn dé, ó mì.
Ó mì, iná ṣẹ́jú,
iná tí kò lè tan gílóòbù tọ́ọ̀ṣì.
Ìyẹn náà ni ìròyìn. Ìyẹn náà ni wáàsí."

Ó gé òmíràn. Ó sé èémí.
Ó yí i gba àárín eyín aago méjì tó ti kú,
ó jáde ní kíká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi páànù orí ilé wa.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòfà já ẹ̀mú gbà lọ́wọ́ rẹ̀;
ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lọ wá ẹ̀mú idẹ.
Bó bá le jù, ohùn a fún. Bó bá dẹ̀ jù, a gbá irin.
Wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gíríbì kó tó mí dáadáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Láwànì dúró níwájú ẹ̀rọ,
Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di wáyà mú.
Mo fi ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì.
Ohùn Láwànì, tó máa ń dún bí agolo,
wọlé bí ẹni wọ ilé amọ̀ lọ́sàn-án gangan:
ó tutù, ó jókòó.
"Ṣ" rẹ̀ tó máa ń ta bí omi tó kán sépo gbígbóná
rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.
Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń polówó, díẹ̀ ló kù kí n rà á.

A yí téèpù padà, a tẹ̀ ẹ́:
"Àgbo tó dájú, ẹ̀yin ará Ìlọrin…"
Lábẹ́ rẹ̀, kedere, bí ẹni ń jẹ obì létí mi:
"Ẹlẹ́nu ẹwìrì. Owó mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ yìí di sí.
Iwájú àti ẹ̀yìn, ọgbọọgba ló ń gbọ́ wọn.
Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi.

Láwànì wo téèpù, ó wo Bàbá,
ó tọwọ́ bàpò, ó ka ìdajì.
Ó ní ìyókù ń bọ̀ lópin oṣù.
Bàbá fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, ó gbé e nàró
torí bí a bá tẹ́ ẹ sùn, tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ a wọ́.
Ó ní, "Kọ ọ́ sára àpò ìrẹsì yẹn, kọ ọ́ gàdàgbà:
Ẹ MÁ FẸ́ ATẸ́GÙN SÍ I."
Mo kọ ọ́.
Mo kọ iye owó tó kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.