Lẹ́tà Tí Kì Í Fọhùn

Ní kíláàsì márùn-ún, ní Ìjárá-Ìsin,
bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sára pátákó:
g, lẹ́yìn rẹ̀ h, o, s, t.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí lẹ́tà kejì ká.
"Ẹ wo h yìí. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀.
Ẹ má pè é o, àmọ́ ẹ má fò ó.
Ẹni tó bá fò ó, màá fa ìlà pupa sí i nídìí."

A ní, "Tísà, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"
Bàbá họ orí.
"Iwin kọ́. Iwin ní igbó tirẹ̀, kò kú rí.
Òkú kọ́. Òkú wà nínú ilẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Àkúdàáyà ló fẹ́ jọ ọ́,
ṣùgbọ́n àkúdàáyà a máa fẹ́yàwó nílùú òkèèrè,
a máa kọ́lé, a máa dá èésú,
títí ará ilé yóò fi pàdé rẹ̀ lọ́jà, tí yóò pòórá.
Gósìtì òyìnbó kì í ṣiṣẹ́ kankan.
Inú àjà ló ń gbé, ó ń kérora lóru,
kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni."

Múfútàù nawọ́ sókè: "Ẹlẹ́wẹ ńkọ́?"
"Ará ọ̀run tiwa nìyẹn. O mọ agbo ilé tó ti jáde.
Ẹni tí a lè kí, a kì í pè é ní gósìtì."

Ọdún kọkànlá tó fẹ̀yìn tì,
owó ìfẹ̀yìntì gbẹ bí kànga ọ̀gbẹlẹ̀.
Oṣù kan. Oṣù mẹ́rin.
A wọkọ̀ ní ìdájí, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá,
oòrùn bá wa ní Ìlọrin lórí bẹ́ńṣì gígùn,
láàárín àwọn arúgbó tó di fáìlì mọ́ àyà.

Akọ̀wé Kúranga wo kọ̀ǹpútà, kò wo bàbá.
"Oyèwùsì? Wọ́n ti yọ yín. Gósìtì ni wọ́n kọ síbí."

Nọ́ọ̀sì àtijọ́ kan láti Ọ̀fà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa:
"Àwọn tí ìyá kankan ò bí ń gbowó lóṣooṣù,
èmi tí mo gbẹ̀bí àwọn ọ̀gá yín,
èmi ni wọ́n ní n ò sí!"

Mo fẹ́ pariwo. Bàbá fọwọ́ dá mi dúró.
Ó yọ awò ojú, ó fi etí bùbá nù ún,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà
bó ṣe máa ń wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wa.
"Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé," ó ní,
"ẹ tún un kọ. Ẹ ti fo h."

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ó tẹ̀ka, ó ya fọ́tò,
wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn Iléyá.

Nínú mọ́tò tó ń relé, ó jókòó láàárín èmi àti alágbàpọ̀ iṣu kan,
ọwọ́ lórí fáìlì, kò sọ̀rọ̀.
Ilẹ̀ ti ṣú. Awakọ̀ yíjú padà láti gbowó,
ó fi ìka kà wá: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta,
ó ní èrò márùn-ún ni.

Mẹ́fà ni wá.

Mo ní kó tún un kà.