Ó

Màámi gún iyán tán kí wọ́n tó bi mí léèrè ọ̀nà;
ebi kì í wọnú kí ìròyìn tún wọ̀ ọ́.
Wọ́n fọ ọmọ odó, wọ́n gbé e ti ògiri,
wọ́n jókòó kọjú sí òkè Ọlọ́sùnta
tí òjò ìrọ̀lẹ́ fọ̀ di dúdú.
"Ó yá. Ilẹ̀ Táílàǹdì yẹn, báwo ló ṣe rí?"

Mo ní wọ́n ń fi máńgòrò jẹ ìrẹsì.
"Máńgòrò? Sí ìrẹsì?"
Mo ní oje àgbọn ni wọ́n dà lé e.
Wọ́n mi orí bí ẹni tó gbọ́ pé aládùúgbò ń sin ejò.

Mo sọ ti ilé ìsìn tí wúrà bo orí rẹ̀,
ti àwọn ọkùnrin afárí kodoro, aṣọ wọn pọ́n bí epo,
tí wọ́n ń gba oúnjẹ kiri ní ìdájí
tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n ní alágbe.
Mo ní a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
"Ta ni 'a'?"
"Èmi àti ẹnìkan. Ó fẹ́ràn ìrìnàjò."
Wọ́n bu iyán kún tèmi, wọn ò wí nǹkan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ èdè tí wọ́n fi tọ́ mi.
Ọ̀rọ̀ kan náà ló ní fún ọkùnrin àti obìnrin:
ó. Ẹnu á ká roboto bí ẹni fẹ́ fẹ́ná.
Ó sùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ra fìlà fún mi.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé inú sílébù yẹn
bí ẹni tó sá fún òjò sábẹ́ ewé kókò.
Ewé náà ò ya.
Ẹsẹ̀ mi ló tutù.

Ohun tí n ò sọ fún wọn nìyí:
obìnrin tó gbàlejò wa ní òtẹ́ẹ̀lì
wo Fátúrótì, ó wò mí, ó wo ìwé ìrìnnà wa,
ó ní, "Ibùsùn ńlá kan, àbí kéékèèké méjì?"
bí ẹni ń béèrè bóyá a máa mu tíì.
Ahọ́n mi ti sáré dé "méjì",
nítorí ní Adó, yàrá méjì là ń sanwó fún,
a ó da aṣọ orí ibùsùn kejì rú
kí agbálẹ̀ má baà fura.
Fátúrótì ló dáhùn. "Ńlá kan."
Ohùn tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì
ń gbọ̀n bí ife lórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Obìnrin náà fún wa ní kọ́kọ́rọ́.
Ó tán. Ajá kan ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ lajú.

Lálẹ́, létí odò, wọ́n ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí àwọn àgbà wa ní
kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí!
Níbẹ̀ wọ́n pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n fi ṣe ọkọ̀ kékeré,
wọ́n gbé òdòdó àti àbẹ́là sínú rẹ̀.
A jọ gbé ọ̀kan lé omi, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọwọ́ mi.
Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé n kò wẹ̀yìn.

N kò ní ọ̀run ni ibẹ̀ o.
Ẹ̀fọn wọn ń jẹni bí ti ìhín,
ẹnìkan sunkún mọ́jú nínú yàrá kejì sí tiwa.
Ẹ̀yìn ilé yìí sì ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí.

Fóònù mi tàn lórí àpótí, orúkọ rẹ̀ hàn gàdàgbà.
Màámi dojú rẹ̀ délẹ̀ jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń bo ọbẹ̀ kí eṣinṣin má baà bà á.
"Ẹni yẹn," wọ́n ní, wọn ò wojú mi,
"ṣé ó mọ iyán jẹ?"
"Ó mọ̀ ọ́n jẹ, Màámi."
Wọ́n wo òkè. Òkúta náà ti ń gbẹ láti orí wálẹ̀.
"Iṣu tuntun ò ní pẹ́ jáde," wọ́n ní.