Ìsọ̀ Tí Kò Ní Olùtà

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Aizawl,
níbi tí ìkùukùu ti máa ń sọ̀ kalẹ̀
wá jókòó sórí títì bí àgbà tó ti rẹ̀,
ìsọ̀ kan wà, oparun ni wọ́n fi kọ́ ọ.
Elégédé mẹ́ta, ata wẹ́wẹ́ nínú ike,
ewébẹ̀ tí ìrì ṣì ń kán lára rẹ̀,
agolo mílíìkì tí wọ́n gé lórí, owó ló wà nínú rẹ̀.
Ènìyàn kankan kò sí níbẹ̀.
Pi Khuangi tó ni ín ti lọ sóko láti ìdájí.
Ó fi èédú kọ iye ọjà sára páálí,
ó fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́,
ó sì fi lé èmi náà lọ́wọ́.

Awakọ̀ ni mí. Ọdún kọkànlélógún rèé
tí mo ti ń fi jíìpù kó èrò lójú ọ̀nà yìí.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo wàásù lórí òṣùwọ̀n èké.
Mo gbá tábìlì, omi inú ife dànù.
Mo ní kí alápatà lọ wo òṣùwọ̀n rẹ̀,
kí aláṣọ lọ wo ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀.
Àwọn àgbà ìjọ mi orí.

Lọ́jọ́ Ajé, lábẹ́ òjò,
mo mú elégédé kan. Ogójì rúpì.
Mo ju àádọ́ta sínú agolo, mo ṣa ṣéńjì.
Mẹ́wàá ni tèmi.
Ọgbọ̀n ló bá mi jáde.
Ta ló rí mi? Ìkùukùu, ìkùukùu kò sì lẹ́nu.
Mo ní epo ti wọ́n.
Mo ní ọmọ ń lọ síléèwé.
Mo ní, mo ní, mo ní, títí mo fi dé orí afárá.
Owó dín, ọwọ́ mọ̀.

Nílé, Ngurmawii ìyàwó mi ń wọn ìrẹsì.
Kó tó gbé ìkòkò kaná, bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú garawa Olúwa.
Láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan. Lálẹ́, ẹ̀kúnwọ́ kan.
Kò gbá tábìlì rí láyé rẹ̀.
Mo gbé elégédé kalẹ̀, mo sọ fún un.
Kò bá mi wí.
Ó wo elégédé, ó wò mí,
ó tún ti ọwọ́ bọ ìkòkò,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kejì.
Oúnjẹ alẹ́ yẹn kò kárí wa.
Ọmọ wa béèrè ìdí rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá rẹ ti jẹ tiẹ̀ lọ́nà."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti dúró níwájú ìsọ̀ náà.
Mo rántí ọkùnrin kúkúrú tó gun igi
nítorí kó lè rí Jésù:
ogún lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́rin.
Mo kà á sínú agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dún.
Mo wá fẹ́ mú èédú kọ orúkọ mi sí páálí,
kí Pi Khuangi lè mọ ẹni tó ronú pìwà dà.
Mo dá èédú padà síbi tó wà.

Èrò kan na ọrùn láti inú jíìpù:
"Kí lo rà?"
Mo ní n kò ra nǹkan kan.
Mo yí kọ́kọ́rọ́.